Kíkọ́ Ajá Ilé Ní Iṣẹ́ Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá ilé kò mọ ọdẹ í ṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bí a bá wo ajá tí a so mọ́ ìdí ògiri láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa gbó àlejò, kí ó sì máa jẹ àjẹkù ẹ̀bà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ajá ilé kò lè mọ ọdẹ í ṣe. Ẹni tí yóò kọ́ ọ ni kò rí. Imú tí ajá oko fi ń gbọ́ òórùn ọ̀yà nínú ìgbẹ́ kò yàtọ̀ sí imú ajá tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀kọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá dé Òṣòdì lónìí, tí ó rí ọkọ̀ àti èrò tí ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní ọdún 2019, kò ní rántí pé oko àti igbó ni àyíká yìí jẹ́ rí. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìsọlọ̀, àwọn tí oko ríro, ẹja pípa àti ọdẹ ṣíṣe kò ṣàjèjì sí. Orúkọ Òṣòdì sì ń rán ni létí Òṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó, ẹni tí ó kú ní ọdún 1868. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àárín oko ni ó ń gbà kọjá ní ìhà ibẹ̀. Lónìí ilé ti gba ilẹ̀, ọ̀dà ti bo ojú ọ̀nà, ọ̀yà sì ti wábi gbà. Ajá nìkan ni kò lọ. Ó wà ní ẹ̀yìn géètì, ó wà ní ìdí ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn ọdẹ Yorùbá ti ń lo ajá láti ayébáyé. Wọn a máa so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà bí ó bá wọ inú koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ajá pàápàá kì í ṣe orúkọ lásán. Odidi gbólóhùn ni, bí Tanímọ̀la, tí a lè fi sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò láìbá a jà. Ajá a fi imú tọ ipa ẹran, a lé e jáde kúrò ní ibùba rẹ̀, a sì máa sá tẹ̀ lé e títí yóò fi bọ́ sí iwájú ìbọn. Bí ó bá jẹ́ ẹran kékeré bí òkété tàbí ehoro, ajá fúnra rẹ̀ ni yóò kì í mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti í bẹ̀rẹ̀. Bí ajá náà kò bá ní ẹ̀kọ́, tí ọdẹ kò sì tètè dé, yóò ti jẹ ẹran náà dé ìdajì, tàbí kí ó gbé e sá wọ inú ìgbẹ́, kí ọdẹ sì máa fọn fèrè títí ẹnu yóò fi máa ro ó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland, ẹyẹ ni ó mú kí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ronú jinlẹ̀ sí ọ̀ràn yìí. Bí ọdẹ bá yìnbọn lu ẹyẹ ní òfuurufú, ẹyẹ náà lè já bọ́ sínú esùsú tàbí sínú odò níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè tètè dé. Wọ́n ń fẹ́ ajá tí yóò lọ wá a, tí yóò gbé e láìfi eyín fọ́ ọ, tí yóò sì fi lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1868, ọlọ́rọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dudley Marjoribanks, ẹni tí ó di Lord Tweedmouth lẹ́yìn náà, mú akọ ajá kan tí ń jẹ́ Nous pọ̀ mọ́ abo ajá kan tí ń jẹ́ Belle, ní ilẹ̀ rẹ̀ tí a ń pè ní Guisachan ní òkè Scotland. Ọmọ mẹ́rin ni Belle bí, láti ìdí wọn sì ni irú ajá tí a mọ̀ sí Golden Retriever ti ṣẹ̀ wá. Ọdún yẹn kan náà ni Òṣòdì Tápà kú ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò kan ara wọn. Irú ajá òyìnbó bẹ́ẹ̀ wọ́n lówó, kò sì di dandan kí ènìyàn rà á. Ajá ìbílẹ̀ tí ara rẹ̀ yá, tí kì í sì í bẹ̀rù ènìyàn, lè kọ́ iṣẹ́ náà bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ ajá: kí ó sáré tọ nǹkan lọ, kí ó fi ẹnu gbé e, kí ó sì mú un padà wá fún ni. A bí méjì àkọ́kọ́ mọ́ ajá. Kò sí ọmọ ajá tí kò ní sáré tọ nǹkan tí ń yí gbirigbiri lọ. Ìkẹta ni ẹ̀kọ́, ìkẹta nìkan ni a sì ń kọ́ ajá ní tòótọ́, nítorí pé nínú ẹ̀dá ajá, ohun tí ó bá ti wọ ẹnu rẹ̀ ti di tirẹ̀.

Kí ọmọ ajá tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà. Lẹ́yìn ìgbà náà a lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré, ibi tí ó sì dára jù lọ fún eré náà kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni yàrá ti dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá. Àwọn ayálégbé a máa ráhùn nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ìdáná àjùmọ̀lò àti ariwo tí kì í tán, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ ajá, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó sàn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ. Kí a ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kí olùkọ́ kúnlẹ̀ sí òpin kan, kí ibi tí ọmọ ajá ń sùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó di ìbọ̀sẹ̀ àlòkù kan ní kókó, kí ó jù ú sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ajá yóò sáré lọ, yóò gbé e, yóò sì fẹ́ gbé e lọ sí ibùsùn rẹ̀ kí ó lè dá gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, olùkọ́ sì ti kúnlẹ̀ sí i. Láìmọ̀, ọmọ ajá ti gbé nǹkan wá fún ènìyàn.

Ohun tí olùkọ́ bá ṣe ní ìṣẹ́jú yìí ni yóò sọ irú ajá tí yóò ní. Bí ó bá na ọwọ́ já ìbọ̀sẹ̀ náà gbà, ọmọ ajá yóò di eyín pa, yóò sì máa fà á. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn fífà-á-kí-n-fà-á yìí púpọ̀, àṣìṣe ńlá sì ni, nítorí láti ibẹ̀ ni ajá ti ń kọ́ bí a ti í fi eyín fọ́ ẹran. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á ní àyà àti ní ọrùn, kí ó yìn ín, kí ó jẹ́ kí ó di ẹrù rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹja gbígbẹ bíńtín hàn án ní imú. Ọmọ ajá yóò la ẹnu, ìbọ̀sẹ̀ yóò jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹja sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Kí ó tún ju ìbọ̀sẹ̀ náà. Èyí ni yóò yé ajá jù: pé ohun tí ó bá fi sílẹ̀ kò sọnù, ó tún ń padà bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti tó. Kí a dáwọ́ dúró nígbà tí ó ṣì ń wá a, kí ó má baà sú u. Bí ó bá sì pé bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, tí eyín ọmú rẹ̀ 28 ń bọ́ kí 42 ti àgbà lè jáde, kí a fi eré náà sílẹ̀ díẹ̀. Ajá tí èrìgì ń dùn kò ní fẹ́ gbé nǹkan mọ́, yóò sì rántí ìrora náà.

Kò yẹ kí a fi egungun, òkúta tàbí bàtà kọ́ ọ. Egungun jẹ́ oúnjẹ, òkúta ń ba eyín jẹ́. Ní ti bàtà, ajá kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àlòkù tí a fún un àti èyí tí bàbá ilé wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀ràn bàtà yìí kò ṣe é fojú fò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajá ti ń bàjẹ́. Ohun tí í sábà ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ ajá gbé sálúbàtà. Ọmọ ilé kígbe, ó gbá tẹ̀ lé e. Ajá rò pé eré dé, ó sá yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ gbé sálúbàtà náà padà wá, ó ń ju ìrù. Ọmọ ilé gbá a mú, ó sì fi sálúbàtà kan náà nà án dáadáa. Ọmọ ilé gbà pé òun ti kọ́ ajá pé kí ó má jí sálúbàtà gbé mọ́. Ajá kò kọ́ èyí rárá. Ohun tí ó ṣe gbẹ̀yìn kí ìyà tó dé ni pé ó padà wá, nítorí náà ohun tí ó kọ́ ni pé ẹni tí ó bá padà wá ni a ń nà. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ ènìyàn a máa gbọ́ àlàyé láàárín ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Ajá kò gbọ́ àlàyé kankan. Ọwọ́ tí ó kàn án ní ìṣẹ́jú tí ó ṣe nǹkan ni ó mọ̀.

Ní abúlé, ajá tí ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ nínú igbó kí ó tó wálé. Ní Òṣòdì, títì wà lẹ́yìn géètì. Ajá tí ó bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí ó gbọ́ tí olówó rẹ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n tí ó dúró láti ro ó bóyá sálúbàtà ni ó ń dúró de òun, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ kí dánfó tó dé orí rẹ̀. Wọ́n a sì wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bí ẹni pé àyànmọ́ ajá ni. Ẹni tí ó mọ ajá yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ajá náà rí ní ọjọ́ tí ó gbọ́ fèrè, tí ó sì wá.

Fèrè náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pavlov, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ti ń dà nínú ara, ṣàkíyèsí pé itọ́ a máa dà lẹ́nu àwọn ajá rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé, bí wọ́n bá ti rí tàbí gbọ́ ohun tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ohun tí Pavlov fi ẹ̀rọ wọ̀n ni ìyá oníle ń rí lójoojúmọ́ nígbà tí ó bá kan abọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a fọn fèrè ní kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọmọ ajá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìró náà yóò máa fà á bí okùn. Lẹ́yìn èyí, kí a máa fọn ọ́n nígbà tí ó bá wà ní yàrá mìíràn, kí a sì san èrè fún un ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá. Kí a má ṣe fi fèrè náà pè é láti wẹ̀ ẹ́, láti fún un lóògùn, tàbí láti so ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá di dandan láti ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí a rìn lọ bá a níbi tí ó wà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ilé kan ní Ìsọlọ̀, bàbá lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ajá wí, kí ìyá máa fi Yorùbá pè é, kí àwọn ọmọ sì máa fi èdè ojú títì lé e kiri, lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn fẹnu kò pé ajá náà gọ̀. Kí ilé mú ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan: “Jókòó,” “Dúró,” “Gbé e wá,” “Fi sílẹ̀.” Kí gbogbo ènìyàn pè é bákan náà, ní ohùn kan náà, nítorí ohùn ni ajá ń gbọ́ kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ń sọ “Jókòó” lẹ́ẹ̀marùn-ún ń kọ́ ajá pé ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì.

Kí ajá tó jáde kúrò nínú ọgbà, abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ ti wọ ara rẹ̀. Àìsàn dìgbòlugi ṣì wà ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ìwòsàn tí ó dájú fún un bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi bù ú jẹ, ọmọ náà sì yè. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, kí a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko fún tirẹ̀, kí a sì tún máa gbà á ní àsìkò tí dókítà bá dá. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ajá ilé ìbá jẹ́ tàbí ti ìta, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ọmọ kankan má fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù àwọn òbí rẹ̀.

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀kọ́ lè bọ́ sí gbangba. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní odi yíká dára, bí a bá gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ní àárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Etí ọ̀nà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni etí ọ̀gbun omi Òkè-Afá kò dára. Kí a so okùn gígùn mọ́ ọn lọ́rùn, bí ìwọ̀n mítà mẹ́wàá, kí ó máa wọ́ ọ nílẹ̀. A kì í fi okùn náà fa ajá bí ewúrẹ́. A fi í dènà ni, kí ó má baà kọ́ pé òun lè sá lọ. Ní àkókò yìí ìbọ̀sẹ̀ ti kéré. Kí a rán àpò kékeré tí a kì èérún igi sínú rẹ̀, tí ó tẹ̀wọ̀n bí ìdajì kílò. Nígbà tí ó bá yá, kí a so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ọn lára, kí òórùn ẹyẹ má baà ṣàjèjì sí i.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù ní gbangba ni dídúró. Ajá jókòó, a ju àpò, gbogbo iṣan ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti sáré, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lọ àfi bí a bá rán an. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ju àpò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí olùkọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbé méje, kí ajá sì gbé mẹ́ta. Yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ni tirẹ̀. Ajá tí ó mọ èyí lè jókòó nígbà tí adìyẹ aládùúgbò bá sáré kọjá, ìyẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ìjà.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ imú. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé èròjà tí ń gbọ́ òórùn nínú imú ajá ju 200,000,000 lọ, nígbà tí ti ènìyàn kò ju nǹkan bí 6,000,000 lọ. Kí a fi àpò pamọ́ sínú koríko níbi tí ajá kò ti rí i, kí a sì rán an lọ ní ìhà tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa fẹ́ kò ó lójú. Yóò sáré kọjá, yóò yí padà lójijì bí ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀, yóò sì fi imú tọ òórùn náà títí yóò fi kan án. Kí olùkọ́ dákẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. Ẹni tí ó ń pariwo tí ó ń nàka síhìn-ín sọ́hùn-ún ń kọ́ ajá láti máa wo ọwọ́ ènìyàn dípò kí ó lo imú rẹ̀.

Ní ti ìró ìbọn, iṣẹ́ àgbà tí ó ní ìwé àṣẹ ni, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. A ó kàn sọ pé ọ̀nà jíjìn ni a ti í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ajá bá ń jẹun, kí ìró tó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bàǹgà tí àwọn ọmọdé ń yìn ní oṣù Kejìlá ti ba ọ̀pọ̀ ajá jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ó dára kí a mú ọmọ ajá wọ yàrá ní àwọn alẹ́ náà, kí a sì jókòó tì í.

Ajá tí a bá fi sùúrù kọ́ báyìí fún bí ọdún kan àbọ̀ lè bá ọdẹ dé oko, kí ó gbé àparò láti inú koríko wá fi lé e lọ́wọ́, kí ìyẹ́ rẹ̀ má sì tú. Bí kò bá tilẹ̀ rí oko rí, yóò gbé àpò èérún igi rẹ̀ wá ní Ìsọlọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ kan náà. Ọjọ́ kan yóò sì wà tí yóò kọ̀: yóò gbé àpò náà, yóò dúró ní ọ̀ọ́kán, yóò máa wo olówó rẹ̀, kò sì ní wá. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í kígbe, wọn kì í sì í lé e. Wọn a yí ẹ̀yìn padà, wọn a máa rìn lọ, títí ajá yóò fi sáré tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọn a mú un padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a wá ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ náà jáde, wọn a sì jù ú sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta.